Irú Ọlọ́run wo ni Jésù fi hàn? Ẹ̀kọ́ láti ara ìrìnàjò wòlíì Harris ní Côte d'Ivoire

 

Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀ lónìí. Nígbà tí ènìyàn bá pe orúkọ Ọlọ́run, ta ló ń rí lọ́kàn rẹ̀? Ṣé ọba kan tó jókòó sókè tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn sínú ìwé ni? Ṣé alágbára kan tí a lè bẹ̀ níṣẹ́ pé kó lọ bá ọ̀tá wa jà ni? Àbí bàbá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì nìkan. Ohun tí ènìyàn bá gbà pé Ọlọ́run jẹ́ máa ń hàn nínú bó ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀, nínú bó ṣe ń wo aládùúgbò tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀, àti nínú ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá wọlé. Ìlú Abidjan yìí ní ìtàn kan tó lè ràn wá lọ́wọ́ láti ronú sí i.

Ṣé Jésù ló gbé orúkọ Ọlọ́run wá sí etí òkun yìí?

Rárá o. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó gbé Ọlọ́run wá sí ilẹ̀ yìí. Kí ìwé Bíbélì tó dé, àwọn Baoulé àti Agni ti ń pe Nyamien. Àwọn tó ń sọ èdè Dioula ń pe Ala. Yorùbá, tí àwọn ará ibí ń pè ní Anango, kó orúkọ Ọlọ́run àti Olódùmarè dání láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá tajà.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò wá orúkọ tuntun fún Ọlọ́run. Orúkọ tí Yorùbá ti ń pè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Odindi Bíbélì náà jáde ní ọdún 1884. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ pé Ọlọ́run tí Jésù pè ní Baba kì í ṣe àjèjì sí àwọn baba ńlá òun.

Ìtumọ̀ kan náà yìí ló sọ Èṣù di Sátánì, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣì ń bínú sí títí di òní. Àpẹẹrẹ nìyẹn pé orúkọ kì í ṣe ohun kékeré. Bí a bá gbé orúkọ kan láti ibi kan sí ibòmíràn, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà máa ń yí padà.

Ní ọdún 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, tẹ ìwé kan jáde lórí Olódùmarè. Nínú rẹ̀, ó ta ko àwọn òyìnbó tó ń sọ pé Ọlọ́run àwọn aláwọ̀ dúdú jìnnà, pé ó dá ayé tán ó sì kọ̀yìn sí i. Ìdòwú ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé Olódùmarè ló wà nídìí ohun gbogbo tí Yorùbá ń ṣe, àní nígbà tí ojúbọ òrìṣà ni wọ́n dúró sí.

Tó bá jẹ́ pé orúkọ ti wà, tí ìmọ̀ náà sì ti wà, kí wá ni Jésù fi kún un?

Ìdáhùn àwọn Krìstẹ́nì ni pé ojú ló fi kún un. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èèyàn lè gbọ́ orúkọ ẹnì kan fún ogún ọdún kó má mọ irú ẹni tó jẹ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fojú kanra. Nínú ìhìnrere Jòhánù, Fílípì bẹ Jésù pé kó fi Baba han àwọn. Jésù dá a lóhùn pé ẹni tó bá ti rí òun ti rí Baba.

Yorùbá tún máa ń sọ pé ẹní bí ni là á jọ. Ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì gbà pé Jésù jọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní ìhà kejì tí a kì í sábà rò: bí Jésù bá jọ Baba, a jẹ́ pé Baba náà jọ Jésù. Ohun tí a kò lè rí lọ́wọ́ Jésù, ó yẹ kí a ronú lẹ́ẹ̀mejì kí a tó sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ló ti wá.

Ta ni William Wadé Harris?

Ọmọ ẹ̀yà Grebo ni Harris, láti ẹ̀bá Cape Palmas ní Liberia. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1860. Ó dàgbà láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ṣe olùkọ́ fún ìjọ Episcopal. Ní ọdún 1909, wọ́n mú un pé ó wà lára àwọn tó fẹ́ dìtẹ̀ sí ìjọba Liberia, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló wà ní ọdún 1910 nígbà tó sọ pé áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì fara hàn òun, tó sì rán òun níṣẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún 1913, ó rékọjá sí Côte d'Ivoire. Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó we láwàní funfun, ó fi ọ̀já dúdú gba àyà. Ó mú ọ̀pá tó ní àgbélébùú lórí dání, pẹ̀lú Bíbélì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti abọ́ tó fi ń ṣe ìtẹ̀bọmi. Àwọn obìnrin tó ń kọrin wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gba etí òkun kọjá, láti Grand-Lahou dé Grand-Bassam, ó sì wọ Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, dé ìlú Axim. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò Casely Hayford ti rí i, tó sì kọ ìwé kékeré kan nípa rẹ̀ ní ọdún 1915.

Láàárín ọdún kan àbọ̀ péré, ó tẹ àwọn ènìyàn tí iye wọn tó 100,000 sí 120,000 bọmi. Ẹ rántí pé àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì ti wà ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1895, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ sì ni wọ́n rí. Kí ni ọkùnrin tí kò wọ bàtà yìí sọ tí àwọn yòókù kò sọ?

Irú Ọlọ́run wo ni àwọn ènìyàn gbọ́ lẹ́nu Harris?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ìjọba Faransé ti ń gba owó orí láti ọdún 1901. Ní ọdún 1908, Gabriel Angoulvant di gómìnà, Bingerville sì ni olú ìlú nígbà náà. Ó fi ogun ṣẹ́gun àwọn ìlú tó ń bá ìjọba rẹ̀ jà. Wọ́n jó abúlé, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n kó àwọn olóyè kan lọ sí ìgbèkùn, wọ́n sì ń fi tipátipá mú àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún ẹni tó ń wò láti òkèèrè láti rò pé Ọlọ́run àwọn òyìnbó àti gómìnà wọn, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Àwọn òrìṣà ilé náà kò sì dá ìbọn Faransé dúró.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin dúdú kan ti dé, tó ń sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, pé Jésù Krístì ti ra gbogbo ènìyàn padà, pé kí wọ́n kó ère àti oògùn wọn jáde kí wọ́n sun ún. Kò gba owó. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ èdè Faransé. Ìjọ àwọn òyìnbó máa ń mú kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Harris ní tirẹ̀ máa ń tẹ ènìyàn bọmi ní ọjọ́ tó bá kọ òrìṣà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ti sun ohun tó ń gbẹ́kẹ̀ lé kò lè máa rìn lọ ní ìhòhò láìsí ohun tó máa dáàbò bò ó. Kò sì lé ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo ìwọ̀nyí kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run kí Harris tó ya ẹnu rẹ̀ wàásù. Ọlọ́run tí abọ́ omi yẹn ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń ní kí o kọ́kọ́ di ènìyàn rere kí òun tó ṣílẹ̀kùn. Ó ṣílẹ̀kùn ná, ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Sákéù, agbowó orí tí Jésù lọ jẹun ní ilé rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dá owó tó jí padà, máa mọ ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ọ̀rọ̀ orin náà wà níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ láàárín àwọn Dida ni pé wọ́n bi Harris léèrè irú orin tí Ọlọ́run fẹ́. Ó ní òun kò tíì dé ọ̀run rí, nítorí náà òun kò mọ èdè tí wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú orin tiwọn, kí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run sí i. Títí di òní, àwọn ìjọ Harris ní àwọn abúlé Ébrié tó yí Abidjan ká ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì ń kọrin ní èdè wọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ jinlẹ̀. Tí Ọlọ́run bá gbọ́ èdè Dida, a jẹ́ pé kì í ṣe Ọlọ́run gómìnà. Ọmọ tó wá bí ènìyàn, tó sọ èdè Árámáíkì ní Gálílì pẹ̀lú ohùn tí àwọn ará Jerúsálẹ́mù fi ń dá wọn mọ̀, fi hàn pé Ọlọ́run kì í tijú èdè ilé ẹnikẹ́ni.

Ṣé ìfẹ́ nìkan ni Harris wàásù?

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ pé. Harris tún wàásù iná. Ó kìlọ̀ pé iná máa jó ẹni tó bá kọ̀, àwọn ènìyàn sì ń sọ ìtàn àwọn tó fi ère pamọ́ tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ọ̀pọ̀ ló sun òrìṣà wọn nítorí wọ́n gbà pé agbára tó ju ti òrìṣà lọ ti dé, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀.

Ó yẹ kí a yé àwọn ènìyàn yẹn. Ẹni tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún àjẹ́ àti oṣó kò lè sọ ẹ̀rù nù lọ́sàn-án kan. Ṣùgbọ́n ìṣòro wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù ló gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, tí kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ síwájú sí i, ẹ̀rù náà máa bá a jókòó sínú ilé ìjọsìn. Á kàn pààrọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rù ni.

Ẹni tó yẹ kó kọ́ wọn kò sì dúró pẹ́. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Ara ìjọba Faransé kò balẹ̀ mọ́ sí ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ èrò ń tẹ̀ lé. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n mú Harris àti àwọn obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì lé wọn padà sí Liberia. Ó ti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé àwọn tó máa fi Bíbélì kọ́ wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1924, William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Dahomey, ìyẹn Benin òde òní, dé sí ilẹ̀ yìí. Ó bá ìjọ lẹ́yìn ìjọ tó ti ń dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wọ Mẹ́tọ́díìsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ àti ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìjọ dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1928, John Ahui láti Petit-Bassam lọ bá Harris ní Liberia. Ó gba àgbélébùú àti Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà wá di olórí ìjọ Harris títí tó fi kú ní ọdún 1992. Harris fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1929.

Bí àìsàn bá dé, ta ló fà á?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan olúkúlùkù ni ọ̀rọ̀ àìsàn. Ní etí ọ̀sà Ébrié, lẹ́bàá Bingerville, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Bregbo. Albert Atcho, ọmọ ìjọ Harris, ń gba àwọn aláìsàn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jean Rouch ya fíìmù nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Marc Augé àti àwọn onímọ̀ mìíràn láti Faransé sì kọ ìwé lórí abúlé náà ní ọdún 1975.

Wọ́n ń kó aláìsàn láti ibi gbogbo wá síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, kí lo ṣe? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Akọ̀wé á jókòó, á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan jẹ́wọ́ pé àwọn ti pa ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ àwọn nínú ẹ̀mí, ohun tí ọwọ́ wọn kò ṣe rí.

A kò gbọ́dọ̀ fi àwọn ará Bregbo ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ìdílé ti lé jáde rí ibi orí wọn fi sùn níbẹ̀. Wọ́n rí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, àwọn kan sì rí àlàáfíà. Àtiwọlé wọn láàárín ènìyàn padà kì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè yẹn, kí lo ṣe, sí ẹ̀gbẹ́ Jésù. Nínú ìhìnrere Jòhánù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní afọ́jú. Wọ́n béèrè ẹni tó ṣẹ̀, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó sì fi kàn án lójú.

Ẹ kíyè sí i. Kò wádìí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kó tó fọwọ́ kàn án. Kò ní kí ìyá rẹ̀ wá jẹ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ojú Ọlọ́run ni ojú Jésù, a jẹ́ pé Ọlọ́run kò rán ìfọ́jú sí ọmọ inú oyún láti fi gbẹ̀san lára bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ilé Yorùbá, bóyá ní Abidjan ni o, bóyá ní Èjìgbò, bóyá ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tí ọjà kò tà, tí ìwé àṣẹ ìgbélùú kò jáde, ẹnì kan á sọ pé ó lọ́wọ́ ayé nínú. Wòlíì kan á sì sọ pé ìyá àgbà tó wà nílé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ kò ní fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ mọ́. Orúkọ Jésù ni wọ́n fi parí àdúrà náà. Ta ló máa sọ fún ìyá yẹn pé Ọlọ́run ìfẹ́ ni Ọlọ́run?

Ṣé Ọlọ́run ní ẹgbẹ́ òṣèlú?

Ìlú Abidjan ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn bá sọ Ọlọ́run di ti ẹgbẹ́ kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, wọ́n dìbò ààrẹ ní ipele kejì láàárín Laurent Gbagbo àti Alassane Ouattara. Àwọn méjèèjì ló sọ pé àwọn wọlé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Ouattara ló wọlé. Gbagbo kọ̀, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 3,000. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011 ni wọ́n mú Gbagbo.

Ní àsìkò náà, àwọn pásítọ̀ àti wòlíì kan ń sọ pé Ọlọ́run ló yan Gbagbo, pé ẹni tó bá ta kò ó ń bá Ọlọ́run jà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará àríwá tó ń gbé ní Abidjan jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn kan sì ń wò wọ́n bí ọ̀tá Ọlọ́run. Àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn pàápàá kò bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yopougon àti Abobo nígbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Kò túmọ̀ sí pé apá kan ni ẹ̀bi wà. Ìbọn dún lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí: nígbà tí Jésù fẹ́ ṣàpèjúwe ẹni tó fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀, ta ló fi ṣe àpẹẹrẹ? Ará Samáríà ni, ẹ̀yà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́ràn, tí wọn kò sì jọ ń jọ́sìn níbì kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì bẹ̀bẹ̀ pé kí iná ti ọ̀run wá jó abúlé Samáríà kan tó kọ̀ láti gbà wọ́n, ó bá wọn wí, wọ́n sì gba ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ nípa àdúrà iná

Iná tí Jésù kọ̀ yẹn ló yẹ kó mú wa dúró díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá lónìí, nílé àti lẹ́yìn odi, àdúrà tó ń gbóná jù ni èyí tí wọ́n fi ń ní kí ọ̀tá kú. Wọ́n á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ayé le. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ wá tajà ní ọjà Adjamé, tí ọjà rẹ̀ jóná tàbí tí wọ́n jí i kó, inú rẹ̀ kò lè dùn. Ìwé Sáàmù pàápàá ní àdúrà tí wọ́n gbà pẹ̀lú ìbínú, Ọlọ́run sì gbọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n Krìstẹ́nì kò lè dúró síbẹ̀, nítorí àgbélébùú. Níbẹ̀ ni ọ̀tá Jésù wà níwájú rẹ̀ gangan. Ó mọ orúkọ wọn. Kì í ṣe ọ̀tá inú àlá. Ohun tó bẹ Baba rẹ̀ fún ni pé kó dárí jì wọ́n. Bí ojú yẹn bá jẹ́ ojú Ọlọ́run, Ọlọ́run tí a ń bẹ̀ pé kó pa aládùúgbò wa ti dáhùn tipẹ́, ìdáhùn náà sì ni rárá.

Ẹnì kan lè ní, ṣé kí ènìyàn wá jókòó kí wọ́n máa rẹ́ òun jẹ ni? Rárá. Jésù béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó gbá a létí ìdí tó fi gbá a. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè lọ sí ilé ẹjọ́. Ó lè sọ òtítọ́ síta. Ó lè bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọwọ́ aṣebi dúró. Àwọn ìwọ̀nyí kò sọ Ọlọ́run di apààyàn.

Àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Nínú agbo ilé kan ní Treichville, Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí lè jọ máa lo ẹnu ọ̀nà kan. Mùsùlùmí bọ̀wọ̀ fún Ànábì Ísà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé Ọlọ́run bí ọmọ. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ Olódùmarè, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun gba ẹ̀dá ènìyàn kan kọjá kó tó mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ wà, kò sì yẹ kí a díbọ́n pé kò sí.

Ohun tí Krìstẹ́nì lè ṣe ni kó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Jésù hàn nínú bó ṣe ń bá wọn gbé. Bí ó bá gbà lóòótọ́ pé Ọlọ́run wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn nípasẹ̀ Jésù, tó sì wẹ ti Júdásì mọ́ ọn, kò ní sí ẹni tó kéré jù fún un láti kí. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó kọ́kọ́ dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ṣáájú kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó dé ní àwọn ọdún 1960, kò ní ìjọba lẹ́yìn wọn. Àlejò ni wọ́n. Ohun tí àwọn aládùúgbò wọn rí nípa Ọlọ́run wọn, inú ọjà ni wọ́n ti rí i, lára òṣùwọ̀n wọn àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ìtàn Harris fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ yìí kò tíì parí. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nídìí òrìṣà nínú oṣù díẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn náà, ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn, ti ń kọ́ irú Ọlọ́run tí wọ́n lọ bá. Ẹ̀kọ́ yẹn pẹ́ ju ìtẹ̀bọmi lọ. Kò tíì tán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìwàásù, tàbí àsọtẹ́lẹ̀, tàbí àdúrà lórí rédíò, tí wọ́n sọ pé Ọlọ́run ló ní kí a ṣe báyìí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó jọ Jésù. Bí wọ́n bá ní Ọlọ́run sọ pé kí ẹ lé ìyá yín jáde, ẹ rántí pé lórí àgbélébùú ni Jésù ti ń wá ẹni tó máa tọ́jú ìyá tirẹ̀. Ẹ padà sílé, ẹ pe ìyá yín lórí fóònù.